Ariwo, Ẹ̀tàn tàbí Ìyàngbò: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí A Fi Ń Dí Rédà Lọ́wọ́

Ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀nà tí yóò fi dí rédà lọ́wọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ: yóò kọ́kọ́ béèrè iye wáàtì tí ẹ̀rọ lè tú jáde àti irú ọkọ̀ tó lè gbé e. Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ rédà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni rédà náà ń ṣe ní àkókò tí a fẹ́ dí i lọ́wọ́? Kí ni a mọ̀ nípa ìgbì rẹ̀? Ibo ni a óò sì dúró sí nígbà tí a bá ń dí i? Bí a bá rí èsì sí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí, ọ̀nà tó yẹ kò ní pẹ́ fara hàn. Bí a kò bá rí i, kò sí iye wáàtì tó lè dí àlàfo ohun tí a kò mọ̀. Àwọn tí mo kọ ìfiwéra yìí fún ni akẹ́kọ̀ọ́, òǹkọ̀wé ọ̀rọ̀ ogun àti ẹni tó ń ṣètò ìdánrawò ológun. Kò sí fún ẹni tó fẹ́ kan ẹ̀rọ sílé, nítorí pé òfin àgbáyé lórí ìgbì rédíò kò fàyè gba ìdílọ́wọ́ tó ń ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, rédà tó ń tọ́ bàálù sọ́nà ní pápákọ̀ òfurufú sì wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rédà kí a tó yàn

Rédà ń rán ìgbì jáde, ó ń dúró de gbohùngbohùn rẹ̀, ó sì ń fi àkókò tó kọjá láàárín méjèèjì mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá tí gbohùngbohùn bá fi pẹ́ jẹ́ mítà 150 lójú rédà. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni àwọn ẹlẹ́tàn ń fi ṣeré.

Ìgbì tó ń lọ ń tú ká lójú ọ̀nà, gbohùngbohùn tó ń bọ̀ náà sì ń tú ká; nípa bẹ́ẹ̀, bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, gbohùngbohùn tó padà dé yóò dín kù sí ìdá kan nínú 16. Ẹ̀rọ ìdílọ́wọ́ kò ní irin-àjò àlọ àti àbọ̀. Àlọ nìkan ni ìgbì tirẹ̀ ń rìn, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ni ó ń dín kù sí. Èyí ni ìdí tí ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ọkọ̀ òfurufú fi lè bo rédà ńlá mọ́lẹ̀ láti òkèèrè.

Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí kan náà ni ó ń yí padà di gbèsè bí ọkọ̀ náà ti ń sún mọ́ rédà. Gbohùngbohùn ara ọkọ̀ ń yára lágbára ju ariwo tí ó ń pa lọ, títí wọn yóò fi dé ibi tí rédà yóò ti rí i kedere láàárín ariwo náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lè sún mọ́ rédà dé ìdajì jíjìn yẹn kí àṣírí tó tú, agbára ìlọ́po mẹ́rin ni yóò wá. Ìṣirò kékeré yìí ni mo kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo ìfiwéra tó kù, nítorí pé ó fi hàn pé kò sí ariwo tó ń sọ ọkọ̀ di àìrí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ra àyè díẹ̀ àti àkókò díẹ̀.

Ohun kejì ni irú iṣẹ́ tí rédà ń ṣe. Rédà aṣọ́nà ń yí káàkiri láti mọ ẹni tó ń bọ̀, iye wọn àti apá ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Rédà atọpasẹ̀ ti yan ọkọ̀ kan ṣoṣo, kò sì ní gbójú kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi darí mísáìlì tàbí ìbọn sí i. Àwọn méjèèjì kì í pàdánù ohun kan náà. Rédà aṣọ́nà tó bá ṣì mítà 200 ṣì wúlò fún àwọn tó ń wò ó, ṣùgbọ́n rédà atọpasẹ̀ tó bá ṣì mítà 200 ti jẹ́ kí ọkọ̀ náà bọ́.

Ariwo àti ẹ̀tàn

Ọ̀nà ariwo ni pé kí ẹ̀rọ máa tú ìgbì rúdurùdu jáde lórí fíríkúẹ́ǹsì tí rédà ń lò, kí gbohùngbohùn lè rì sínú rẹ̀ bí ohùn ẹnì kan ṣe ń rì sínú ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀nà ẹ̀tàn yàtọ̀ pátápátá: ẹ̀rọ yóò gba ìgbì rédà, yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì dá ẹ̀dà náà padà ní ọ̀nà tí rédà yóò fi gbà á gbọ́ pé gbohùngbohùn gidi ni. Alárìwo ń fi rédà sínú òkùnkùn. Ẹlẹ́tàn ń jẹ́ kí ó máa ríran, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò máa rí.

Ariwo pín sí mẹ́ta. Ariwo olójú kan ń kó gbogbo agbára rẹ̀ lé fíríkúẹ́ǹsì kan ṣoṣo. Ariwo àtẹ́lọ ń tẹ́ agbára náà sórí ìlà gbígbòòrò, kí ó lè dé ibikíbi tí rédà bá sá lọ. Ariwo arìnkiri ń ti ibì kan dé ibòmíràn lórí ìlà náà léraléra. Ìyàtọ̀ àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe kékeré: ẹ̀rọ tó ní 1,000 wáàtì, tó kó wọn lé ìlà tó fẹ̀ ní 5 MHz (mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n tí a fi ń ka fíríkúẹ́ǹsì), ní 200 wáàtì fún MHz kọ̀ọ̀kan, bí ó bá tẹ́ wọn sórí 500 MHz, wáàtì méjì péré ni yóò kù fún MHz kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, rédà tó ń fò láti fíríkúẹ́ǹsì kan sí òmíràn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá rán ìgbì jáde ń fi ipá mú alárìwo láti di alátẹ́lọ, kí agbára rẹ̀ lè di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ti arìnkiri kò gba àlàyé púpọ̀: ó wúlò bí rédà bá lọ́ra láti padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí ariwo bá kọjá lórí rẹ̀, àwọn rédà òde òní kì í sì í lọ́ra bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ariwo ni pé ó ń forí ji aláìmọ̀. A kò nílò láti mọ bí rédà ṣe ń to ìgbì rẹ̀ tàbí bí ó ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó tó kí a mọ ibi tó wà lórí ìlà fíríkúẹ́ǹsì. A sì lè lò ó pẹ̀lú ọgbọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì, Scharnhorst, Gneisenau àti Prinz Eugen, fẹ́ gba ojú omi tóóró tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ní ọ̀sán gangan, àwọn ará Jámánì kò ṣàdédé pariwo lé àwọn rédà etíkun lórí. Wọ́n ti ń fi ariwo náà kún díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, títí tí àwọn tó ń wo rédà fi rò pé ojú ọjọ́ ló ń da ẹ̀rọ àwọn láàmú. Àwọn ọkọ̀ náà kọjá níwájú Dover ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Ẹ̀rọ náà kò lágbára àrà ọ̀tọ̀ kankan. Ẹni tó ń lò ó ni ó mọ̀ pé ojú ènìyàn tètè ń rí ìyípadà òjijì, tí kì í sì í tètè rí èyí tó bá ń yọ́ wọlé.

Àléébù ariwo ni pé ó ń ké tantan nípa ibi tí alárìwo wà. Rédà lè má mọ bí ó ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n yóò mọ apá ibi tó wà, àwọn mísáìlì kan sì wà tí a kọ́ láti tẹ̀ lé ariwo náà dé orísun rẹ̀. Ní ogun Vietnam, láti ọdún 1966, àwọn ọkọ̀ F-105 ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ìdílọ́wọ́ QRC-160 sábẹ́ ìyẹ́ láti bo rédà tó ń darí SA-2, mísáìlì tí a ń yìn láti ilẹ̀ sí ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ mẹ́rin ń fò papọ̀, wọ́n sì ń fi àyè tí a ti wọ̀n sílẹ̀ láàárín ara wọn, kí ariwo wọn lè dàpọ̀, kí rédà má lè dá ọkọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Mísáìlì tó ń bà wọ́n dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ rọrùn fún ọkọ̀ ajagun MiG láti ká mọ́, owó tí wọ́n san fún ààbò náà nìyẹn. Ariwo náà tún di orúkọ tí ọ̀tá fi ń mọ̀ wọ́n: ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1967, àwọn ọkọ̀ ajagun F-4 ti Amẹ́ríkà gbé irú ẹ̀rọ kan náà kí wọ́n lè jọ F-105 lójú rédà, àwọn MiG jáde láti wá pa ẹran tó rọrùn, Amẹ́ríkà sì sọ pé àwọn já méje nínú wọn lulẹ̀.

Ẹ̀tàn ní tirẹ̀ gba ìmọ̀ kíkún. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún un lónìí ń gba ìgbì rédà sínú ìrántí oní-díjítà, a sì mọ̀ ọ́n káàkiri sí DRFM. Ẹ̀dà tó ń ṣe péye débi pé rédà kò lè fi ìrísí ìgbì náà nìkan mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí a mọ̀ jù lọ ni fífa fèrèsé jíjìn. Rédà atọpasẹ̀ kì í wo gbogbo àyè. Fèrèsé kékeré ni ó ń ṣí yí àfojúsùn rẹ̀ ká, ibẹ̀ nìkan ni ó sì ń wò. Ẹ̀rọ ẹlẹ́tàn yóò kọ́kọ́ dá ẹ̀dà padà ní kíákíá pẹ̀lú agbára tó ju ti gbohùngbohùn lọ, títí fèrèsé náà yóò fi gbára lé e. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdádúró díẹ̀díẹ̀ kún un, mítà 150 fún ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fèrèsé náà yóò sì máa tẹ̀ lé e kúrò lára ọkọ̀. Nígbà tó bá ti fà á jìnnà tó, yóò dákẹ́. Rédà yóò la ojú sí àyè òfìfo, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìwákiri láti ìpìlẹ̀.

Irú ìfà bẹ́ẹ̀ wà fún ìyára náà, níbi tí ẹ̀dà ti ń yí fíríkúẹ́ǹsì padà kí rédà tó ń wọn ìyára nípa Doppler (ìyípadà tí ìrìn nǹkan ń mú bá fíríkúẹ́ǹsì gbohùngbohùn rẹ̀) lè ka iye tí kì í ṣe òótọ́. Rédà tó gbọ́n máa ń fi méjèèjì wé ara wọn: bí jíjìn bá sọ pé ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn, tí Doppler sì sọ pé ó ń bọ̀ wá, yóò mọ̀ pé ẹnì kan ń purọ́ fún òun. Ẹlẹ́tàn tó bá fẹ́ kí irọ́ rẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ fa jíjìn àti ìyára papọ̀ kí wọ́n lè bára mu.

Títan rédà jẹ nípa apá ibi tí ọkọ̀ wà ni ó ṣòro jù. Àwọn rédà àtijọ́ tó ń yí ìtànṣán wọn roboto láti wá apá ibi tí gbohùngbohùn ti le jù ṣeé tàn pẹ̀lú ìgbì tí a ń fún lágbára ní àkókò tó yẹ kí ó rẹlẹ̀, tí a sì ń dín kù ní àkókò tó yẹ kí ó ga. Rédà tó ń lo ọ̀nà monopulse ń mọ apá náà láti inú gbohùngbohùn ẹyọ kan, nítorí náà ètekéte yẹn kò ràn án. Ìdáhùn tí a mọ̀ sí i ni kí orísun méjì tó jìnnà síra lórí ọkọ̀ kan náà máa rán ìgbì tó ń tako ara wọn, kí ojú ìgbì tó dé ọ̀dọ̀ rédà lè wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu láìsí àṣìṣe, wọ́n sì ń jẹ agbára púpọ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí, n kò ní fi èyí ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ̀mí àwọn ènìyàn rọ̀ mọ́.

Níbo ni ẹ̀tàn ti ju ariwo lọ? Àwọn rédà òde òní ń rán ìgbì gígùn tí a ti fi àmì sí lára, wọ́n sì ń fún gbohùngbohùn rẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá padà. Ìgbì tó bá bá àmì náà mu yóò di ńlá, èyí tí kò bá bá a mu yóò wà bí ó ṣe wà. Àǹfààní tí gbohùngbohùn ń rí lórí ariwo nínú ìṣirò yìí lè tó ìlọ́po 1,000. Alárìwo kò ní ìpín nínú àǹfààní náà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ẹlẹ́tàn ní àmì náà lára, rédà yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá. Àìlera rẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ó tó dáhùn. Bí rédà bá ń yí àmì rẹ̀ padà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà ìgbì tó ti kọjá kò wúlò fún èyí tó ń bọ̀, ayédèrú àfojúsùn kò sì lè yọ síwájú ẹni tó ń ṣe é. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló lè yọ sí, rédà tó bá mọ èyí yóò sì gbájú mọ́ etí iwájú gbohùngbohùn.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a kì í sọ tó. Nígbà tí ariwo bá kùnà, ọ̀tá rí wa, àwa náà sì lè fura pé ó rí wa. Nígbà tí ẹ̀tàn bá kùnà, a lè máa rò pé ó ń ṣiṣẹ́ títí mísáìlì yóò fi dé. Nínú ogun oṣù Kẹwàá ọdún 1973, àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ọkọ̀ òfurufú Ísírẹ́lì gbé ni a ti pèsè fún àwọn rédà tí a ti mọ̀, irú ti SA-2 àti SA-3. SA-6 tí àwọn ọmọ ogun Íjíbítì àti Síríà mú jáde ń lo ìgbì tí kì í dá dúró láti darí mísáìlì rẹ̀, kò sì sí èsì fún un lọ́wọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú àti àwọn tó ń wà wọ́n ni ó bá a lọ. Nígbàkigbà tí mo bá ń ka ìwé tó ń yin ẹ̀rọ kan nítorí agbára rẹ̀ nìkan, ogun yìí ni ọkàn mi máa ń lọ sí.

Ìyàngbò àti ayédèrú ọkọ̀

Ìyàngbò ni èépá ọkà tí afẹ́fẹ́ ń gbá lọ, orúkọ yìí kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà sì fún àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ onírin tí a ń dà sí òfurufú láti tan rédà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní Window, àwọn ará Jámánì pè é ní Düppel. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ọ̀já tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì rédà ń dá ìgbì náà padà lọ́nà tó ju bí ó ṣe kéré tó lọ. Onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Joan Curran wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1943, ọkọ̀ òfurufú 791 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ ju bọ́ǹbù sí Hamburg ní Jámánì, wọ́n sì ń da àwọn ọ̀já tí gígùn wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 27 sílẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdajì ìgbì rédà Würzburg. Méjìlá péré ni wọ́n pàdánù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará Jámánì ṣe àtúnṣe sí Würzburg kí ó lè fi ìyára ya ọkọ̀ tó ń sáré sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀já tó kàn ń léfòó, wọ́n sì fún àwọn ọkọ̀ ajagun òru wọn ní rédà SN-2 tí ìgbì rẹ̀ gùn ju èyí tí a gé ọ̀já náà fún lọ. Window kò ran SN-2. Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1944, tí ọkọ̀ Junkers 88 kan ṣìnà balẹ̀ sí Woodbridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú SN-2 lára rẹ̀, ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti gé ọ̀já tó bá a mu. Ọ̀já kan náà, òfurufú kan náà. Ìmọ̀ nípa gígùn ìgbì nìkan ló yàtọ̀.

Fún ọkọ̀ òfurufú òde òní, ìyàngbò nìkan kò tó mọ́. Ọkọ̀ tó ń sá 250 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò da ìyàngbò sílẹ̀, ìyàngbò náà yóò sì dúró sójú kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Rédà tó ń wọn Doppler yóò mọ èyí tó ń sáré yàtọ̀ sí èyí tó dúró. Ó ṣì wúlò bí awakọ̀ bá yí ọkọ̀ rẹ̀ sí ìbú, tí ìyára rẹ̀ sí ọ̀nà rédà di òfo fún ìgbà díẹ̀, tàbí bí ẹ̀rọ ìdílọ́wọ́ bá ń tan ìmọ́lẹ̀ ìgbì sí ìyàngbò náà lára. Ó sì tún ń rìn kọjá ibi tí a fẹ́: ìkùukùu ìyàngbò tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń dà nígbà ìdánrawò máa ń hàn lójú rédà ojú ọjọ́ bí ẹni pé òjò ń bọ̀.

Lójú omi, ọ̀ràn yí padà pátápátá. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ́ra, nítorí náà ìyára rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìyàngbò, ìkùukùu kan sì lè tóbi ju ọkọ̀ gan-an lọ lójú mísáìlì. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1967, mísáìlì Styx tí Sófíẹ́tì ṣe ri ọkọ̀ ogun Ísírẹ́lì tó ń jẹ́ Eilat. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nínú ogun ojú omi Latakia, àwọn ọkọ̀ kéékèèké Ísírẹ́lì fi ìyàngbò àti ìdílọ́wọ́ ẹlẹ́kítírọ́níìkì pàdé irú mísáìlì kan náà, kò sì sí èyí tó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n mísáìlì tí a tàn kì í parẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, nínú ogun Falklands, ìyàngbò àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yí mísáìlì Exocet padà kúrò lára wọn, ó sì lọ ba Atlantic Conveyor tó gbé ẹrù, tí kò ní ìyàngbò tirẹ̀. Ẹni tó bá ń yan ìyàngbò fún ọkọ̀ tó wà láàárín ọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ìkùukùu náà.

Ayédèrú ọkọ̀ ni a fi ń yanjú ohun tí ìyàngbò kò lè ṣe, nítorí pé ó ń sáré bí ọkọ̀ gidi. Oríṣi kan ni èyí tí ọkọ̀ òfurufú ń fi okùn fà lẹ́yìn, bíi ALE-50 tí àwọn ọkọ̀ B-1B lò nínú ogun Kosovo ní ọdún 1999. Ó ń bá ọkọ̀ rìn ní ìyára kan náà, mísáìlì sì lè gbà á dípò ọkọ̀. Oríṣi kejì ń fò fúnra rẹ̀. MALD ti Amẹ́ríkà lè rin nǹkan bíi 900 kìlómítà, ó sì lè jọ ọkọ̀ ńlá lójú rédà. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ MALD-J tún gbé ẹ̀rọ ìdílọ́wọ́ sínú. Ní àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánónì, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1982, dróònù ni Ísírẹ́lì kọ́kọ́ rán sí àwọn rédà mísáìlì Síríà. Àwọn rédà náà tanná, wọ́n sì yinbọn. Ibi tí wọ́n wà àti ìgbì wọn sì di mímọ̀. Bí a bá fi wé ìyàngbò, ayédèrú ọkọ̀ wọ́n, kò sì ṣeé gbé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń mú kí rédà tó fara pamọ́ sọ̀rọ̀.

Ibi tí a dúró sí

Ọ̀nà kan náà lè dára ní ibì kan, kí ó sì burú ní ibòmíràn. Ọkọ̀ tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ wà níwájú ojú ìtànṣán rédà gan-an, nítorí náà ìwọ̀nba agbára tó fún un. Ewu rẹ̀ ni pé bí ó bá pariwo, òun fúnra rẹ̀ ni mísáìlì yóò tẹ̀ lé. Mo rò pé ẹ̀tàn ló yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ariwo jẹ́ àtìlẹ́yìn.

Ọkọ̀ tó dúró sí òkèèrè, níbi tí mísáìlì kò lè dé, ń dáàbò bo àwọn ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ òfurufú EA-6B ti Amẹ́ríkà ṣe láti ọdún 1971 nìyí, tí EA-18G sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà tí ojú rédà bá wà lára àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé, ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà ni ariwo láti òkèèrè gbọ́dọ̀ gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ yẹn sì lè fi ìlọ́po 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di etí ju iwájú lọ. Agbára ńlá ni èyí ń fẹ́, ọkọ̀ ńlá sì ni ó ń gbé e. Àwọn rédà kan tún ní áńtẹ́nà kékeré mìíràn tó ń gbọ́ ohun tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀nà kẹta ni kí a rán dróònù tàbí ayédèrú ọkọ̀ sún mọ́ rédà ju àwọn ọkọ̀ tí a ń dáàbò bò lọ. Bí ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ ṣe fi hàn, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá nílò ìdá kan nínú 100 agbára. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, èyí sì ni ìdí tí ó fi wù mí ju àwọn yòókù lọ fún ilẹ̀ tí rédà rẹ̀ pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì àti epo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Bí mo ṣe máa yàn

Bí rédà aṣọ́nà tí a kò mọ̀ dáadáa bá wà níwájú, ariwo láti òkèèrè ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ayédèrú ọkọ̀ sì ni mo máa fi kún un, kì í ṣe ẹ̀tàn ẹlẹgẹ́ tó lè já sí òfo. Bí ó bá jẹ́ rédà atọpasẹ̀ tí a ti gbọ́ ìgbì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí a sì mọ bí ó ṣe ń wọn jíjìn àti ìyára, ẹ̀tàn lára ọkọ̀ ni, pẹ̀lú ìyàngbò tí a óò dà ní àkókò tí fèrèsé bá ti kúrò lára ọkọ̀, kí rédà tó ń wá àfojúsùn lè rí ohun kan tí yóò dì mú. Bí ó bá jẹ́ monopulse, ayédèrú ọkọ̀ tí a ń fà lẹ́yìn ni mo máa gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé ariwo láti ara ọkọ̀ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà. Lójú omi, ìyàngbò ni àkọ́kọ́, ohun ìtànjẹ tó ń rán ìgbì jáde bíi Nulka tí Australia àti Amẹ́ríkà jọ ṣe ni ìkejì.

Ọ̀nà yòówù kí a yàn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè dákẹ́ fún ìgbà kúkúrú gan-an láti tẹ́tí, kí a lè mọ̀ bóyá rédà ti yí fíríkúẹ́ǹsì padà. Ẹ̀rọ tí kò ní àyè ìtẹ́tí yìí, bí ó ti wù kí wáàtì rẹ̀ pọ̀ tó, n kò ní yàn án.

Yíyàn kan tún kù, èyí tó ṣòro jù: ṣé kí a lo ọ̀nà náà lónìí, tàbí kí a fi í pamọ́? Window ti wà ní sẹpẹ́ ní ọdún 1942, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ sí i títí di oṣù Keje ọdún 1943, nítorí ìbẹ̀rù pé Jámánì yóò kọ́ ọ, yóò sì lò ó padà sí wọn. Jámánì ní Düppel tirẹ̀ nínú àpótí, ó sì ń fi í pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù kan náà. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, àwọn ọ̀já tó lè dáàbò bo àwọn awakọ̀ wà nílẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì ń jábọ́. Ariwo kò ní ìṣòro yìí púpọ̀, nítorí pé ọ̀tá ti mọ ohun tí ariwo jẹ́. A lè fi í ṣe ìdánrawò ní gbangba. Ẹ̀tàn tí a kọ́ fún rédà kan pàtó máa ń pàdánù iye rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀dà kejì lọ́wọ́ kí ó tó lo ti àkọ́kọ́.